Ògiri Tó Ń Làágùn

Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá rí ọ̀rinrin lára ògiri, òkè ló máa wò. Páànù ló ń jò, ẹ pe káfíńtà. Ojú yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbé dé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń wá omi lájà, ìkòkò ẹ̀wà sì ń hó lórí iná.

Ooru ẹ̀wà yẹn, omi ara jíǹsì tí wọ́n sá sórí rédíétọ̀, èémí àwọn tó sùn sínú yàrá tí wọ́n tì pa, inú afẹ́fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń kó sí. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá kan ògiri tí òtútù ti mú, ọ̀rinrin inú rẹ̀ á di omi. Láàárín wákàtí 24 sí 48, ohun tó rin lè bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Wọn ò tíì gbé Lọ́ńdọ̀nù lásìkò òtútù ni.

Ẹ bá mi ṣàlàyé ìyẹn fún màmá tó wà ní Ìjẹ̀bú.

“Ṣé òjò ń wọlé ni?”

“Rárá, Mà.”

“Páìpù ló bẹ́?”

“Rárá, Mà.”

“Ògiri wá ń làágùn fúnra rẹ̀? Ẹ kó kúrò níbẹ̀!”

Imú ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Ilé á máa rùn bí ìwé tí àgbàrá wọ̀ tí wọn ò sá. Irú ni wọ́n á kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn, lẹ́yìn náà panla, lẹ́yìn náà bàtà ọmọkùnrin ilé. Bí panla bá jáde tí òórùn ò jáde, kí wọ́n fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri tó kọjú síta. Àmì dúdú wínníwínní ló máa wà níbẹ̀, ọ̀dà á ti wú, á máa bó. Ẹ̀yìn wọ́dúróòbù á funfun bí ẹni da èlùbọ́ sí i lára, agbádá aṣọ òkè inú rẹ̀ á sì ti gba ìpín tirẹ̀. Ọmọ tó ń sín, tó ń wúkọ́ nílé, tí ara rẹ̀ sì ń fúyẹ́ bó bá ti dé iléèwé, àmì nìyẹn náà. Àwọn kan ti gbààwẹ̀ lé e lórí, wọ́n ní ará abúlé ni.

Ẹ̀fẹ̀ tó báyìí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Awaab Ishak, ọmọ ọdún méjì, kú ní Rochdale, ní England. Lọ́dún 2017 tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ fẹjọ́ ògiri tó ń bu sùn, àjọ tó ni ilé náà ní kó kùn ún lọ́dà. Wọ́n tún ka ẹ̀bi sí bí ìdílé náà ṣe ń gbélé lọ́rùn. Ìwádìí ìjọba lórí ikú náà sọ ọ́ gbangba lọ́dún 2022 pé ara ògiri tó bu ló pa á, afẹ́fẹ́ ilé náà ò sì rọ́nà jáde dáadáa. Ẹ̀bi ìkòkò kọ́. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 2025: tọ́rọ̀ bá le, káńsù àtàwọn àjọ onílé gbọ́dọ̀ wá wò ó láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10, tó bá jẹ́ ti pàjáwìrì, wákàtí 24.

Kẹ́ni tó wà nílé má tíì fi wá ṣẹ̀fẹ̀ o. Ní Lekki, ọ́fíìsì tí wọn kì í ṣí fèrèsé rẹ̀, tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ látàárọ̀, lè bu lájà náà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kì í gbóòórùn rẹ̀ mọ́. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló máa ń kọ́kọ́ yínmú.