Wọ́n Rán Mi Lọ Ra Jànkáríwọ̀

Nínú oṣù Kẹwàá, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ na pọ́ùn márùn-ún sí mi, ó ní kí n lọ ra jànkáríwọ̀ wá. Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Halloween sì ń bọ̀, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó ń fi iwin àti eegun òkú ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Mo dé ìsọ̀, jànkáríwọ̀ wà nínú ọ̀rá lóòótọ́, ó funfun bí òwú. Wọ́n tún fi aláǹtakùn oníke méjì ṣe ènì.

Ẹ̀rín pa mí níwájú ẹni tó ń gbowó. Nílé wa ní Ìbàdàn, èmi ni ìyá mi máa ń gbé ìgbálẹ̀ elọ́pàá gígùn lé lọ́wọ́ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, eruku àjà á sì kún mi lójú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀sùn ni jànkáríwọ̀. Tó bá wà lórí àjà, ìyàwó ilé ló ya ọ̀lẹ. Tó bá wà lẹ́nu ìsọ̀, ọjà ò tà. Tó bá wá kọ́ èèyàn lójú lówùúrọ̀ níbi tí kò sí igi tí kò sí ògiri, ọ̀rọ̀ ti di ti wòlíì nìyẹn. Èmi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí rẹ̀ lọ́dún tí mo ṣe WAEC. (Ẹ má bèèrè èsì ìdánwò náà.)

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ ààfáà nìkan ló máa ń gbèjà rẹ̀. Wọ́n á ní Súrà 29 ń jẹ́ orúkọ aláǹtakùn, wọ́n á sì sọ ìtàn bó ṣe ta òwú dí ẹnu ihò àpáta tí Ànábì sá pamọ́ sí. Ìyá mi á ní àwọn gbọ́, àmọ́ ilé àwọn kì í ṣe ihò àpáta.

Ìyá arúgbó òyìnbó kan ló kọ́kọ́ yí mi lọ́kàn padà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, aláǹtakùn ńlá kan sáré gba orí kápẹ́ẹ̀tì yàrá wọn kọjá. Mo ti bọ́ bàtà. Igbe tí màmá náà ké, mo rò pé wọ́n ti ṣubú ni. Wọ́n ní kí n má pa á, kí n mú ife àti káàdì ọjọ́ìbí wá. Mo fi ife dé e mọ́lẹ̀, mo ti káàdì sábẹ́ rẹ̀, mo rọra gbé e jáde bí ẹni gbé oúnjẹ ọba. Wọ́n ní akọ ni, pé tí ooru bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ báyìí, àwọn akọ máa ń jáde wá ìyàwó kiri inú ilé. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Èmi náà rìn láti Ìbàdàn dé Lọ́ńdọ̀nù kí n tó rí tèmi.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wò wọ́n. Ọ̀kan wà lẹ́yìn dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi, ó ní àmì àgbélébùú funfun lẹ́yìn. Mo máa ń fi eré já òwú rẹ̀ lójú títì. Ilẹ̀ á mọ́, ó ti ta òmíràn. Irú rẹ̀ máa ń jẹ èyí tó ti gbó, kí ó tún fi ta tuntun. Àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn ò tíì gbọ́ irú èyí. Ní 2017, àwọn onímọ̀ méjì ṣírò rẹ̀ pé ohun tí gbogbo aláǹtakùn ayé ń jẹ lọ́dún tó 400 sí 800 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, kòkòrò ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwa sì rèé, a ó gbá ọdẹ tí kì í gbowó dànù lórí àjà, a ó wá sáré lọ ra kóìlì ẹ̀fọn.

Mo ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp lọ́sẹ̀ tó kọjá, ni wọ́n bá tẹjú mọ́ fóònù.

“Kí nìyẹn lẹ́yìn orí ẹ?”

“Aláǹtakùn ni, mà. Ó ń ṣiṣẹ́ ni.”

“Ìwọ ńkọ́, o ò níṣẹ́? Mú ìgbálẹ̀!”

Mo mú un kí wọ́n lè rí i. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, mo dá a padà síbi tó wà. Ẹ̀yin tí ẹ bá wá kí mi nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn.