Ọ̀gágun Inú Páálí
Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lè ní ọmọ ogun ju ti ìjọba mìíràn lọ, kí gbogbo wọn sì máa gbé nínú dúrọ́ọ̀ kan. Ọmọ ogun oníke ni wọ́n, ìkẹ́ ni bàbá sì ń kẹ́ wọn. Lọ́dún 1959 tí ilé iṣẹ́ Airfix bẹ̀rẹ̀ sí í tà wọ́n, àwọn onílù àti onífèrè ẹ̀ṣọ́ ààfin ni wọ́n kọ́kọ́ rán jáde. Bóyá wọ́n rò pé ọ̀tá á jó títí á fi gbàgbé ìjà. Géńdé inú wọn ga tó nǹkan bíi mìlímítà 25. Síbẹ̀, bàbá á fi awò sójú, á fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kun bọ́tìnnì rẹ̀, ọ̀dà á sì bó, torí irú ike rírọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gba ọ̀dà. Àwọn bàbá tó gbọ́n jù kì í tilẹ̀ ṣí páálí tí wọ́n rà wọ́n nínú rẹ̀ rárá, kí owó rẹ̀ má baà já. Jagunjagun tó níyì jù ni èyí tí kò rí ojúmọ́ rí láti bí ọgọ́ta ọdún. Ká má parọ́, wọ́n níwà: wọn kì í béèrè owó oṣù, kò sì sí èyí tó jí ní kùtùkùtù lọ sílé iṣẹ́ rédíò láti kéde pé òun ti gbàjọba. Ọ̀tá kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni ìyàwó bàbá, tó ń ti ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ kiri. Kò tíì dá ẹrú ogun kankan padà.