Ọṣẹ Tí Ó Di Ewé

Àwọn baba wa sọ pé bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ohun tí wọ́n sì ní lọ́kàn kò ju pé ẹni tí ó bá pẹ́ lọ́dọ̀ ọmọlúàbí yóò kọ́ ìwà ọmọlúàbí, gẹ́gẹ́ bí ewé tí a fi pọ́n ọṣẹ dúdú ti í máa hó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá rẹ ẹ́ sómi. Wọn kò rò ó dé ibi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ìjọba Nàìjíríà yóò mú òfin, tí í ṣe ọṣẹ tí a fi ń wẹ ìlú, tí yóò fi lé ewé kan tí à ń pè ní igbó lára, tí àwọn méjèèjì yóò sì jọ gbé fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún, títí ọṣẹ yóò fi di ewé mọ́ wa lójú. Àwọn ọlọ́gbọ́n òde òní ń bá ara wọn jà lórí pé ṣé kí òfin gba igbó láàyè, fún oògùn tàbí fún fàájì. Ní tèmi, mo rò pé ìjà náà ti pẹ́ jù, nítorí a ti gbà á láàyè tipẹ́tipẹ́: owó nìkan ni ìwé àṣẹ rẹ̀.

Kí ẹni tí ó bá fẹ́ jiyàn bọ́ sí abẹ́ afárá Ìjọ́rà ní ìdájí, ní Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà bá ń ná páálí kòtè àti páálí Titus lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé yìnyín Ìjọ́rà Ọlọ́pàá, tí àwọn alábàárù sì ń sáré pẹ̀lú ẹja dídì lórí, tí omi rẹ̀ ń kán sí wọn lọ́rùn. Yóò rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ Máwà rẹ̀, tí ó ń fi ìka méjì ṣa kóró kúrò nínú ewé gbígbẹ lórí àtẹ́lẹwọ́, tí ó da ìyókù sínú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ó ká a, tí ó fi ahọ́n lá etí rẹ̀, tí ó sì ṣáná sí i. Kí ó tó fà á lẹ́ẹ̀mẹta, òórùn rẹ̀ ti borí ti ẹja. Agbófinró tí ó dúró nítòsí kò gbọ́ òórùn kankan. Imú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀: bí àpò bá kún, imú a dí, bí àpò bá gbẹ, imú a là, ní ọjọ́ tí ó bá sì là, ọmọ tálákà tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ni yóò di ọ̀daràn tí a ń ya fọ́tò rẹ̀.

Òfin náà ti jó ijó oríṣiríṣi. Ní 1966, nígbà tí ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba, wọ́n pàṣẹ pé ẹni tí ó bá gbin igbó lè kú ikú òfin, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mọ́kànlélógún ó kéré tán, ẹni tí ó bá sì fà á, ọdún mẹ́wàá; ní 1975, ológun mìíràn ní ìyà náà ti pọ̀ jù, ó sì dín ti ẹni tí ń fà á kù sí oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn; ní 1984, ìjọba Buhari tún le koko; ní 1989, Babangida dá àjọ tí ń gbógun ti oògùn olóró sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí NDLEA; ní oṣù Karùn-ún 2024, àwọn sẹ́nétọ̀ tún dìde ní Àbújá, wọ́n ní ikú ni kí ó padà jẹ́ èrè oníṣòwò oògùn olóró. Ní gbogbo àkókò tí wọ́n ń jó, ewé ń hù. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá ìjọba ṣe, tí ó jáde ní 2019, fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà mílíọ̀nù 10.6 ni ó lo igbó láàárín ọdún kan. Bí a bá ní kí a tẹ̀lé òfin 1966 délẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n wo ni yóò gbà wọ́n?

Ọdún 1974 ni ìwà òmùgọ̀ òfin yìí gorí àtẹ́, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá lọ ká Fẹlá olórin mọ́lé, tí wọ́n ní ó gbé ẹ̀rí mì, tí wọ́n tì í mọ́lé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọba, tí a ń fi owó orí wa san owó oṣù wọn, sì jókòó ti ihò ìdí ènìyàn, tí wọ́n ń retí ìgbẹ́ bí ẹni ń retí ọkọ̀ ojú omi. Ìgbẹ́ dé, wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò, wọn kò bá igbó níbẹ̀. Fẹlá sì fi ìgbẹ́ olówó ńlá náà ṣe àwo orin ní 1975, ó tún pa owó lé e.

Ṣùgbọ́n kí a má rín gbogbo ẹ̀rín wa tán sórí ọlọ́pàá. Ní oṣù Karùn-ún 2019, Arákùnrin Rótìmí Akérédolú, ọmọ Ọ̀wọ̀, amòfin àgbà, gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó nígbà náà, wọ bàálù lọ sí Thailand láti lọ kọ́ bí a ti ń fi igbó ṣe oògùn àti òwò, ẹni tí ó sì bá a rìn ni ọ̀gá àgbà NDLEA ìgbà náà: ẹni tí òfin yàn pé kí ó máa jó oko igbó ni ó bá ẹni tí ó fẹ́ dá a rìnrìn àjò. Gómìnà ní ọjà náà yóò tó bílíọ̀nù 145 dọ́là ní 2025, àti pé ara wa ni a ń rẹ́ jẹ bí a kò bá nawọ́ gán ìpín tiwa. Thailand ṣílẹ̀kùn gbayawu fún igbó ní oṣù Kẹfà 2022. Nígbà tí 2025 tí gómìnà ń wò lókèèrè fi dé, Thailand ti ń sáré ti ilẹ̀kùn náà padà, ó ní àfi ẹni tí ó bá mú ìwé dókítà wá. Akérédolú kò sí láyé mọ́ láti rí i; ó ti papòdà ní oṣù Kejìlá 2023.

Buba Marwa, tí ó gorí àga NDLEA ní 2021, kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ó dámọ̀ràn pé kí àwọn tí ó fẹ́ ṣègbéyàwó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò oògùn olóró, mo sì ti ń wò ó bí alága ìdúró yóò ti máa ka ìwé ìtọ̀ ọkọ ìyàwó láàárín iṣu àti ataare. Ṣebí ọ̀gá yìí náà ni ó ṣàkóso Èkó láyé ológun, tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ dòní? Abẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an ni ọmọkùnrin Ìjọ́rà jókòó sí tí ó ń fa tirẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohùn gómìnà àti ti ọ̀gá yìí dáadáa: ọ̀kan ń ka dọ́là, èkejì ń ka ẹrù tí ó dáná sun, kò sí ẹni tí ó ka aláìsàn. Ní 2018 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn kan tí a yọ láti ara igbó, tí kì í pa ènìyàn bí ọtí, fún àwọn ọmọdé tí wárápá líle ń gbé ṣánlẹ̀. Ní ọdún kan náà, Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn àgbà dókítà láàyè láti kọ irú rẹ̀ fún aláìsàn. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìbò 27 sí 25 yọ igbó kúrò nínú ìwé àwọn oògùn tí ó burú jù. Èyí kò sọ igbó di ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀: láti 1964 ni Tọ́láni Asúni, dókítà ọpọlọ, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò, ní Abẹ́òkúta, ohun tí ó ń ṣe fún orí àwọn kan. Láti Ìjọ́rà dé ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, tí ó ti wà láti 1907, kò jìnnà. Ṣùgbọ́n àtìmọ́lé ni òfin mọ̀ọ́ gbé ọmọ ẹni lọ.

Mọ́fíìnì burú ju igbó lọ, síbẹ̀ ó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn, dókítà a kọ ọ́, nọ́ọ̀sì a fún un, ayé kò sì bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí oògùn ọmọ oníwárápá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹni tí igbó da orí rẹ̀ rú rí dókítà kí ó tó rí adájọ́. Ní ti fàájì, ẹni tí ó bá tún dìde ní Àkúrẹ́ tàbí ní Àbújá láti bá wa sọ̀rọ̀ igbó, yálà ó fẹ́ gbìn ín tàbí ó fẹ́ jó o, kí ó kọ́kọ́ ka iye tí yóò wọ àpò tirẹ̀ sí wa létí, kí a lè mọ̀ bóyá ìlú ni ó ń gbèjà tàbí oúnjẹ ọ̀la rẹ̀.