Kábíyèsí Ọ̀wọ́ngógó, Ọba Tí Gbogbo Afọbajẹ Sẹ́

Kábíyèsí o!
Ọ̀wọ́ngógó, ọkọ Owó-Oṣù.
A-jẹ-nínú-àpò-má-tú-okùn-àpò.
A-wọlé-má-kágò, a-jókòó-má-gbàyè.
Ọba tó sùn sí báńkì, tó jí sọ́jà, tó jẹ oúnjẹ alẹ́ nínú ìkòkò ẹni ẹlẹ́ni.
Olówó gbúròó rẹ, ó sáré ra ilẹ̀. Tálákà gbúròó rẹ, ó ra gààrí ife kan.

Mo mọ̀ pé akígbe kò pọ̀ láàfin rẹ. Àwọn tó ń jẹ lábẹ́ rẹ kì í fẹ́ kí a gbọ́ ohùn wọn níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Bí a bá bi ìjọba pé ta ló bí ọ, ìjọba á nàka sí oníṣòwò. Oníṣòwò á nàka sí dọ́là. Báńkì àpapọ̀ á nàka sí ogun tí wọ́n ń jà lókèèrè. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé á ní owó tí wọ́n tẹ̀ síta ju ọjà tó wà nílẹ̀ lọ ni. Ọmọ tó ní baba tó báyìí, tí ẹnì kankan kò wá síbi ìsọmọlórúkọ rẹ̀! Níwọ̀n ìgbà tí onílù gbogbo ti sá, èmi tí mo ń fi owó ọbẹ̀ bọ́ ọ ni mo gbé agogo. Ẹni tó bá ń bọ́ ọba, ó láṣẹ láti kì í.

Ọmọ ìdílé ńlá ni ọ́, kí ẹnikẹ́ni má pè ọ́ ní àtọ̀húnrìnwá. Baba ńlá rẹ jọba ní Jámánì lọ́dún 1923. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá, dọ́là Amẹ́ríkà kan ti ń gba tírílíọ̀nù 4.2 owó máàkì. Èyí tó jọba ní Họ́ngárì lọ́dún 1946 ló le jù nínú ìtàn: ní oṣù keje ọdún náà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún ọjà láti di ìlọ́po méjì. Ẹni tó ná búrẹ́dì ní ìdájí, tó ní òun ń lọ mówó wá nílé, kó yáa má padà. Ti Sìǹbábúwè kò tíì pẹ́. Oṣù kìíní ọdún 2009 ni wọ́n gbé ìwé owó tírílíọ̀nù 100 dọ́là jáde, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi pa owó náà tì. Lónìí, àwọn àlejò ń fi dọ́là gidi ra ìwé owó yẹn láti fi ṣe ìrántí. Owó tó jẹ́ pé ìgbà tó kú ló tó níye lórí!

Ọmọ a-tẹ̀wé-owó-títí-bébà-fi-tán.
Ọmọ òdo mẹ́rìnlá tí kò ra àkàrà.
Àrẹ̀mọ Gbèsè, ẹ̀gbọ́n Ìṣẹ́, àna Báńkì.

Ìwọ tí a wà lábẹ́ rẹ yìí, ẹ̀yìn àrùn Kòrónà lo gorí ìtẹ́. Àwọn ìjọba ńlá ti pín owó fún aráàlú, ọkọ̀ ojú omi tò sí etíkun láìríbi já ẹrù, Rọ́ṣíà wá gbógun wọ Ukraine ní oṣù kejì ọdún 2022, àlìkámà àti gáàsì di ohun à-ń-wá-kiri. Ṣùgbọ́n kí ogun yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti rí ọ lẹ́nu ibodè. Jerome Powell, olórí Federal Reserve tó jẹ́ báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, fi ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún 2021 sọ pé àlejò ọ̀sán ni ọ́, o ò ní sùn. Ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kọkànlá ló tó sọ níwájú àwọn aṣòfin pé ó ti tó àkókò kí àwọn pa ọ̀rọ̀ yẹn tì. O ti tẹ́ ẹní nígbà náà, o ti ń bèèrè ibi tí balùwẹ̀ wà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, o gba ìdá 9.1 nínú ọgọ́rùn-ún l'Amẹ́ríkà, oyè tí irú rẹ kò jẹ níbẹ̀ láti 1981. Ní oṣù kẹwàá, o jẹ 11.1 ní Britain. Àwọn èèyàn wa tó rò pé àwọn ti já ọ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, ìdí iṣu ni wọ́n ti tún bá ọ ní Peckham.

Ààrẹ Erdogan ti Tọ́kì tilẹ̀ ní èlé gíga ló ń bí ọ, ló bá ń gé èlé kúrú. O fi ìdá 85 àti ààbọ̀ dá a lóhùn lóṣù kẹwàá kan náà. Ọba tí kì í jẹ kí wọ́n pa òwe fún un lẹ́ẹ̀mejì!

Ohun ìjà tí àwọn báńkì àpapọ̀ tó kù gbára lé jù sí ọ, èlé náà ni. Wọ́n á gbé e sókè kí owó yíyá lè wọ́n. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé á dúró, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ á rò ó wò, ọjà á dákẹ́, ebi á sì pa ọ́. Kábíyèsí, jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ febi pa ọ́, ìkòkò tiwa ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà nù. Jagunjagun kan tó ṣẹ́gun ìran rẹ rí ni Paul Volcker, olórí Federal Reserve nígbà kan, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà ààbọ̀ lọ, tó gbé èlé Amẹ́ríkà dé nǹkan bí ìdá 20 ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àwọn kọ́lékọ́lé fi ègé igi pákó ránṣẹ́ sí i, pé àwọn kò rí ilé tí àwọn á fi í kọ́ mọ́. Àwọn àgbẹ̀ wa katakata lọ bá a ní Washington. O sá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà náà kò bá wọn jó ijó ìṣẹ́gun.

Powell gba ọ̀nà kan náà, láti ẹ̀gbẹ́ òdo ní oṣù kẹta ọdún 2022 títí dé ìdá 5.25 sí 5.50 ní oṣù keje ọdún 2023. Ẹni tí ọfà náà kọ́kọ́ bá, ìwọ kọ́. Silicon Valley Bank ní California ti ra ìwé gbèsè ọlọ́jọ́ gígùn jọ pelemọ nígbà tí èlé kò tó nǹkan. Èlé tuntun gòkè; ta ni yóò tún ra ìwé àtijọ́ níye tí wọ́n rà á? Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta ọdún 2023, báńkì náà kéde pé òun pàdánù bílíọ̀nù 1.8 dọ́là lórí èyí tí òun tà. Ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà ní kí wọ́n kó bílíọ̀nù 42 dọ́là fún àwọn. Ọjọ́ kẹta, ìjọba ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ìwọ lo jalè, báńkì ni wọ́n sin.

Ohun tí n kò gbọ́ nínú oríkì ọba mìíràn nìyí: gbogbo àwọn tó ń lé ọ yìí, kò sí èyí tó fẹ́ kí o kú. Wọ́n ti gbẹ́ àpótí tí wàá jókòó lé, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́ kí o máa jẹ lọ́dún. New Zealand ló kọ́kọ́ gbẹ́ irú rẹ̀ ní gbangba nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń bẹ̀rẹ̀, àwọn báńkì ńlá sì ti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ìdá 2. Ní Japan, ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n bẹ̀ ọ́. Láti 2016 títí di oṣù kẹta ọdún 2024, èlé wọn wà nísàlẹ̀ òdo, kí o ṣáà lè yà wá. Nígbà tó sì di ìparí oṣù keje ọdún náà tí wọ́n gbé e dé ìdá 0.25 péré, àwọn tó ti ń yá owó yẹ́ǹnì lọ́pọ̀ láti fi ra ìpín káàkiri ayé sáré lọ dá a padà. Ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ, ọjà ìpín Tokyo já lulẹ̀ ní ìdá 12.4 lóòjọ́ kan. Ìwọ̀nba kín-ń-kín yẹn! Mo máa ń rò ó pé bóyá èlé kékeré ló yẹ kí á máa bẹ̀rù, nítorí òun ló ń kọ́ni ní gbèsè.

Ta ni kò wá fẹ́ kí o kú? Onígbèsè ni. Ẹni tó jẹ gbèsè lónìí tí yóò san án lẹ́yìn ogún ọdún, ìwọ ni ń bá a jẹ gbèsè náà lóru. Kò sì sí onígbèsè tó tó ìjọba. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kí ìjọba Buhari tó kógbá wọlé, àwọn aṣòfin fọwọ́ sí i pé kí tírílíọ̀nù 22.7 náírà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti yá ìjọba, èyí tí wọ́n ń pè ní Ways and Means, di gbèsè ogójì ọdún. Ìdá 9 ni èlé rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìdá 34.80 lo jẹ. Èlé ń bu ìdá 9 kún gbèsè náà lọ́dún, ìwọ ń bù ju ìdá 25 lọ kúrò nínú ohun tó lè rà. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọba yìí ní ọ̀tá ìjọba, ẹ tún un wò. Ìyá tó ń dá èsúsú kò rí gbèsè ìdá 9 gbà níbì kankan. Bó bá sì jẹ́ òun ló kó o gbẹ̀yìn lọ́dún yẹn, kọ́bọ̀ kan kò dín nínú owó rẹ̀, síbẹ̀ owó tó dá lóṣù kìíní kọ́ ló gbà lóṣù kejìlá.

Ọ̀rẹ́ onígbèsè, ọ̀tá afowópamọ́.
A-sọ-àkójọ-di-àjókù.
A-gbé-búrẹ́dì-dúró-lójúkan-kó-máa-kéré.

Gbólóhùn kan ṣoṣo láti ẹnu ààrẹ tuntun ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ló ṣí ilẹ̀kùn ńlá fún ọ nílé wa. Epo tí jálá rẹ̀ kò tó 200 náírà ti lé ní 1,000 nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún 2024 ń parí. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 470 kọjá 1,500 ní oṣù kejì ọdún náà. Olayemi Cardoso, gómìnà Báńkì Àpapọ̀, fa èlé yọ nínú àkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gbé e sókè lọ́dún 2024, láti 18.75 dé 27.5. O bá a gun àtẹ̀gùn náà ni: 29.90 lo fi bẹ̀rẹ̀ ọdún, 34.80 lo fi parí rẹ̀. Ìyá alátà kò yá owó báńkì rí. Epo ọkọ̀ tó gbé ata rẹ̀ wá, àti àgbẹ̀ tí kò lè lọ sóko nítorí ajínigbé, èyíkéyìí nínú wọn kò gbọ́ èdè èlé.

Ibi tí mo ti rí i tí wọ́n wárí fún ọ jù lọ, ọjà kan n'Ìbàdàn ni. Ìyá ẹlẹ́wà gbé kóńgò jáde, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. Wọ́n ti fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, àyè tó gbà lọ́wọ́ ẹ̀wà kì í ṣe kékeré. Ó bu ẹ̀wà, ó kó o jọ gègèrè lórí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dá èyí tó fẹ́ ya dúró. Mo ní, "Ìyá, ìdí kóńgò yìí ńkọ́?" Ó ní, "Ọ̀gá, òkè ni kí ẹ máa wò."

Mo rántí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, nígbà tí àjọ NBS tó ń ṣírò rẹ yí kóńgò tirẹ̀ padà. Ó pa ọdún 2009 tó fi ń wọ̀n ọ́ tì, ó mú 2024, ó sì dín ìpín oúnjẹ kù nínú ohun tó ń wọ̀n, láti òkè ìdá 50 sí nǹkan bí 40. Kí n má purọ́ mọ́ wọn: ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ṣe é, gbogbo ayé ló ń ṣe é, ohun tí à ń rà lọ́dún 2009 kọ́ là ń rà báyìí. Ṣùgbọ́n lóṣù kan ṣoṣo, o ti 34.80 bọ́ sí 24.48, ẹni tó ń ta ìrẹsì kò sì gbọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Kí ọdún 2025 náà tó parí, nọ́ńbà rẹ tún sọ̀ kalẹ̀ sí i, àwọn oúnjẹ kan tilẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ń lu ìlù fún un. Bí wọ́n bá ní o rọ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni pé o ti ń rọra gun òkè. Kò sọ pé o ń padà bọ̀ nísàlẹ̀. Ohun tó fi ìdá 34 gòkè lọ́dún kan, tó tún fi ìdá 20 lé e lọ́dún kejì, ó ti kúrò ní 100 náírà, ó ti kọjá 160. Àwọn oníròyìn á sì kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀wọ́ngógó ti ń lọ.

Kábíyèsí, mo ti kì ọ́ tán, n kò bèèrè owó ọ̀yà lọ́wọ́ rẹ, o ti gbà á ṣáájú. Oṣù keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà kúrò ní 30,000 náírà, tó di 70,000. Òfin náà ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni kí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Tìrẹ, oṣooṣù ni wọ́n ń kà á.