Wọ́n Fagbára Mú Ẹ̀wà, Ẹ̀wà Rọ̀

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò pa òwe yìí fún rí, pàápàá ọmọ tó ń yọ iṣu lórí iná kó tó jinná. Àmọ́ ìkòkò kan ti dé tó ń fi òwe náà ṣe yẹ̀yẹ́. Pressure pot oníná ni wọ́n ń pè é. Ó fagbára mú ẹ̀wà, ẹ̀wà rọ̀. Ó fagbára mú ẹsẹ̀ màlúù, ẹsẹ̀ màlúù rọ̀. Ṣàkì tó ti ń bá eyín àgbà jà láti ayébáyé, òun náà tẹríba. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó tò ó mọ́ fìríìjì àti fáànù níwájú ṣọ́ọ̀bù kò ní òwe kankan í pa. Gbólóhùn kan ló ní lẹ́nu: "Màmá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni!"

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú yìí gba ìbéèrè. Aago ara ìkòkò náà kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí omi inú rẹ̀ yóò fi hó, tí oru yóò fi kún abẹ́ ọmọrí, tí irin kékeré orí rẹ̀ yóò fi gbéra sókè. Bí ìkòkò bá kún díẹ̀, ìyẹn nìkan lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀wà tí wọn kò rẹ sómi yóò lo bí ìdajì wákàtí. Bó bá jinná tán, kò tíì ṣeé ṣí. Oru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú dànù, ìyẹn sì lè tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn. Ká kúkú pè é ní wákàtí kan. Wákàtí kan kò burú o, nítorí ẹ̀wà orí sítóòfù lè jókòó fún wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti ṣèlérí ìṣẹ́jú márùn-ún fún kò ní dúpẹ́ fún wákàtí kan. Ohun tí ń jáde láti irú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ ni:

"Ìyàwó, ṣé ẹ̀wà yẹn ò tíì jinná ni?"

"Ó ti jinná, Mà. Kò tíì jẹ́ kí n ṣí i ni."

"Ta ni kò jẹ́ kí o ṣí i?"

"Ìkòkò náà, Mà."

Ìkòkò tí kì í gbà kí wọ́n ṣí òun yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Denis Papin, ló gbé baba ńlá rẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1679. Omi tó ń hó nínú ìkòkò lásán kì í gbóná ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, bó ti wù kí iná abẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Iná tó kù kàn ń sọ ọ́ di oru tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ ni. Papin dé ọmọrí pa, oru kò rọ́nà lọ, ló bá ń tẹ omi mọ́lẹ̀, omi sì gbóná kọjá ibi tó máa ń dúró sí. Nínú ti oníná òde òní, ó ń dé nǹkan bíi 115 sí 118. Ìwọ̀nba àlékún yẹn ló ń gé wákàtí ẹ̀wà kúrú. Ní oṣù April 1682, wọ́n fi ìkòkò Papin se oúnjẹ alẹ́ fún àwọn ọ̀mọ̀wé Royal Society, John Evelyn tó wà níbẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé eegun màlúù àti ti àgùntàn tó le jù lọ rọ̀ bíi wàrà. Àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó, wọ́n ń jẹ eegun. Ẹni tó bá ti lọ sí òde ìnáwó ní Ìjẹ̀bú rí, tó rí ohun tí àwọn bàbá ń fi eegun ṣe kí wọ́n tó dìde, kò ní yà á lẹ́nu.

Èyí tó ń lo iná mànàmáná kò di ìlú-mọ̀ọ́ká títí di ìgbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní Kánádà, Robert Wang, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Instant Pot jáde ní 2010. Ó tà bí ẹni máa kú. Ní June 2023, ilé-iṣẹ́ tó ni ín sáré lọ sí kóòtù ní Texas fún ààbò nítorí gbèsè. Lára ohun tí àwọn olóye sọ pé ó kó bá wọn ni pé ìkòkò náà kì í tètè bàjẹ́. Ẹni tó bá ti ra ọ̀kan kì í padà wá ra èkejì. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè bá ẹni tó ń ta ẹ̀wà.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ wáyà ló ṣáájú ọ̀rọ̀ ìkòkò. Ilé-iṣẹ́ IBEDC ló ń pín iná fún ìgboro, Band tí àdúgbò bá sì bọ́ sí ló ń sọ iye wákàtí tí wọ́n máa rí. Ní April 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, láti náírà 68 sí náírà 225 fún yúnìítì kan. Wọ́n dín díẹ̀ kúrò lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ariwo ti ta. Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò ó bí Ìjẹ̀bú ṣe ń ṣírò owó. Ìkòkò onígba wáàtì márùn-ún, ìyẹn 1,000, bó bá fa iná fún ìdajì wákàtí gbáko, ìdajì yúnìítì ló jẹ. Ní 225 yẹn náà, kò tó náírà 115. Ẹni tó bá rí gáàsì fi se ìkòkò ẹ̀wà kan ní iye yẹn, kó júwe ibi tó ti rà á fún ará ìlú.

Ibo wá ni ìwà òmùgọ̀ àwọn tó ń lò ó wà? Ẹ dúró kí iná lọ.

Ẹ̀wà ti wà lórí, irin ọmọrí ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gbéra, IBEDC mú iná lọ. Sílíńdà gáàsì wà nílẹ̀, ó tó ìgbésẹ̀ méjì síbi tí ìkòkò wà. Ṣùgbọ́n bàbá ilé ti ní ìkòkò ìgbàlódé, kò lè padà sẹ́yìn. Ó wọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré "I pass my neighbour" jáde lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Jẹnẹrétọ̀ yẹn kò lè gbé ju bíi wáàtì 650 lọ. Ìkòkò ń bi í ní 1,000. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Wọ́n lọ bẹ aládùúgbò tó ní èyí tó tóbi, wọ́n ra pẹtiróòlù tí owó rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ sétí mọ́ láti May 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Gbogbo làálàá yìí, agolo ẹ̀wà mẹ́ta ló wà nínú ìkòkò.

Ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Ọmọ ra ìkòkò ní Houston, ó dì í sínú báárẹ́lì pẹ̀lú ìfẹ́. Fóòtì 120 ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. 230 ni ti Nàìjíríà. Wọ́n ra plug olórí mẹ́ta ní Òkè-Ajé, wọ́n rò pé ẹsẹ̀ plug nìkan ni ìyàtọ̀. Wọ́n ki plug náà bọ ògiri, ó ní pò, òórùn rọ́bà jíjó gba ilé kan. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìkòkò di ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀, tòun ti nylon tí wọn kò bó kúrò lójú rẹ̀.

Ẹ tún wo bọ́tìnnì ara ìkòkò náà. Rice wà níbẹ̀, Soup wà, Yogurt wà, Cake wà, Porridge náà wà. Ọ̀pọ̀ wọn kò yàtọ̀ síra ju iye ìṣẹ́jú àti ìwọ̀n ooru lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń dán. Ìyàwó ilé kan á wo Porridge, á ní ìkọ́kọrẹ́ nìyẹn. Rárá o. Ẹni tó mọ ìkọ́kọrẹ́ sè á rin ewùrà, á po ó, á máa fi ọwọ́ ju ú sínú omi ata àti ẹja tó ti ń hó, á sì fi í sílẹ̀ kó di kókó kó tó fi ọmọrogùn kàn án. Ojú, imú àti etí ló fi ń sè é, kì í ṣe aago. Bí wọ́n bá dé e pa sínú ìkòkò oníná, ewùrà á rì sísàlẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ìdí, ẹ̀rọ á kọ "Burn" sójú, á sì pa ara rẹ̀. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí tòmátì rẹ̀ ki jù máa ń rí ìwé ẹ̀sùn kan náà gbà.

Ibi tí òwe àgbà ti wá gbẹ̀san ni ibi ẹran. Ìkòkò dún pé òun ti ṣe tán. Ẹni tí ebi ń pa kò lè dúró, ó gbá ihò oru ṣí, oru tú jáde ṣààà, ó ga dé àjà. Ẹ̀wà máa ń yọ ìfófòó jáde níbẹ̀, á ta sí gbogbo ògiri, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi bu ẹ̀wà kún ìkòkò ju ìdajì lọ. Ẹran tiẹ̀ tún burú sí i. Àwọn tó mọ ìkòkò yìí lò máa ń kìlọ̀ pé omi inú ẹran yóò hó lójijì bí agbára bá ṣàdédé kúrò lórí rẹ̀, omi ara rẹ̀ á gbẹ, ẹran tó ti rọ̀ á sì tún padà le. Wọ́n fagbára mú un lẹ́ẹ̀kan, ó rọ̀. Wọ́n fi ìwàǹwára kún un, ó le koko. Àṣé ìkòkò ní sùúrù. Ẹni tó rà á ni kò ní.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n tún ń sọ káún sínú ẹ̀wà inú ìkòkò yìí, bí ìyá wọn ti ń ṣe. Káún ń ba fítámì B1 jẹ́ nínú oúnjẹ. Ìyá fara mọ́ ọn nítorí kò sí ohun mìíràn tí í mú ẹ̀wà rọ̀ kíá. Nínú ìkòkò oníná, kò wúlò. Ẹ̀wà á kàn yọ́ di ẹ̀kọ mímu ni.

Ìjẹ̀bú pàápàá kò ṣàìmọ ìwúlò agbára. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, inú àpò ni wọ́n ń kó o sí, tí wọ́n ń fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro dànù. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan, nítorí rínrin àti kíkan yẹn ló ń lé oró inú ẹ̀gẹ́ jáde, òun náà ló sì ń fún gàrí Ìjẹ̀bú ní adùn kíkan tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Kò sí jáàkì tó lè fi agbára sọ ọjọ́ mẹ́rin di wákàtí mẹ́rin.

Ìkòkò yìí dára, ó yẹ kó wà nílé tó bá ní iná. Ẹ̀wà, ṣàkì, ẹsẹ̀ màlúù àti ẹran àgbò Iléyá ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní àárọ̀ Ojúde Ọba, kí ìyá ilé tó wé gèlè tán, itan àgbò ti rọ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dúró tì í. Àmọ́ kí ẹ tó ki plug rẹ̀ bọ ògiri, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè, kí ẹ ka iye fóòtì tí wọ́n kọ síbẹ̀.