Ìwà Ọmọ Ní Ṣọ́ọ̀bù Kọfí

Ẹ̀yin òbí wa ní Houston, Maryland àti Chicago, ẹ kú ìnáwó ọmọ. Ọmọ yín ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí Harvard, ẹ ti fi àwẹ̀ gbà á, lẹ́tà sì ti dé pé ọ̀gbẹ́ni kan tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ láyé ọjọ́un fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kọfí. Wọ́n ní kó má fòyà. Wọ́n ní ìtàkùrọ̀sọ lásán ni, kó ṣáà ṣe bó ṣe máa ń ṣe nílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó ṣe bó ṣe máa ń ṣe nílé.

Nílé, láti kékeré lẹ ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í wo àgbà lójú. "Ta lò ń wò bẹ́ẹ̀ yẹn?" Ìdáhùn rẹ̀ kò le: ilẹ̀ ni kó yáa máa wò. Lálẹ́ ọjọ́ tí íntáfíù ku ọ̀la, ìyá kan náà ló ń lọ tó ń bọ̀ ní pálọ̀, tó ń pariwo pé, "Wò ó lójú! Àbí o fẹ́ kó rò pé olè ni ẹ́?" Ìkíni ńkọ́? Bí ọmọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní Starbucks, wọ́n á ti pe 911 kó tó dìde. Ó ní láti bọ ọ̀gbẹ́ni lọ́wọ́ ni, òun ni kó sì kọ́kọ́ na ọwọ́, ọwọ́ tí ẹ ní kò gbọdọ̀ nà sí àgbà láti ìgbà tó ti ń rákò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni, "Sọ irú ẹni tí o jẹ́ fún mi." Níbí ni ọmọ Yorùbá ti máa ń làágùn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹlòmíì ló ń sọ irú ẹni tí èèyàn jẹ́. Ìyá àgbà ló ń ki ọmọ, onílù ló ń ki bàbá rẹ̀ lóde àríyá. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ ki ara rẹ̀, ará ilé á máa wo ojú ara wọn. Àbá mi ni pé kí ẹ háyà onídùndún kan kó tẹ̀ lé ọmọ lọ. Bí ọ̀gbẹ́ni bá ti béèrè, kí ọmọ dákẹ́, kí ìlù dáhùn. Owó onílù kò lè pọ̀ tó ti àwọn tó ń gba dọ́là lọ́wọ́ yín láti kọ́ ọmọ yín bó ṣe máa jẹ́ ara rẹ̀.

"Ìgbà wo lo fìdí rẹmi rí?" Bàbá ti fò sókè: "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ mi ò fìdí rẹmi rí!" Ẹ fara balẹ̀, sà. Wọn ò ṣépè. Ìfìdírẹmi gidi kọ́ ni wọ́n sì fẹ́ gbọ́. Ọmọ tó bá ní òun gba òdo nínú ìṣirò, tí kò sì tíì yé òun dòní, ti sọ òótọ́ jù. Èyí tí wọ́n fẹ́ ni èyí tó parí sí àmì-ẹ̀yẹ.

Ìwà ni wọ́n ní àwọn ń wá, ọ̀rọ̀ tó máa ń dùn létí wa. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ní 1922, Lowell tó jẹ́ ààrẹ Harvard rí i pé àwọn ọmọ Júù tó ń yege ti pọ̀ jù lójú òun, ó sì fẹ́ fi gbèdéke lé iye wọn. Ariwo ta. Nígbà tó fi máa di 1926, wọ́n ti rí ọ̀nà tó mọ́ra: ìwà ni wọn yóò máa yẹ̀ wò, kí ọmọ sì fi fọ́tò kún fọ́ọ̀mù. Láàárín ọdún díẹ̀, iye ọmọ Júù já wálẹ̀. Áà, ìwà wọn mà tètè bàjẹ́ o!

Fọ́tò ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní. Ní 2019 tí àṣírí Rick Singer, tó ń gba owó láti fi èrú mú ọmọ wọ yunifásítì, àti ti àwọn òbí olówó tó ń bá a dòwò pọ̀ tú, a gbọ́ bí wọ́n ṣe gbé ọmọ tí kì í wa ọkọ̀ ojú omi jókòó sórí ẹ̀rọ eré ìdárayá, tí wọ́n yà á, tó sì di eléré ìje ọkọ̀ ní yunifásítì. Fọ́tò ló bá a ṣe íntáfíù.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ tí wọ́n gbọ́ ní Boston lọ́dún 2018 lórí bí Harvard ṣe ń yan ọmọ tó máa wọlé ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìwé tó jáde níbẹ̀ fi hàn pé àwọn tó bá àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ wá láti Éṣíà jókòó lójúkojú fún wọn ní máàkì ìwà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn aláwọ̀ funfun dọ́gba. Inú ọ́fíìsì Harvard, níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé nípa wọn, ni máàkì ìwà náà ti lọ sílẹ̀. Adájọ́ dá Harvard láre ní 2019, ilé-ẹjọ́ tó ga jù yí i padà ní 2023. Harvard fúnra rẹ̀ sì máa ń sọ pé ọmọ tí kò bá rí ẹni bá a ṣe íntáfíù kò pàdánù ohunkóhun.

Nítorí náà, bí ọ̀gbẹ́ni tí kò gba kọ́bọ̀ yìí bá mu kọfí rẹ̀ tán, tó ní, "Ṣé o ní ìbéèrè fún mi?", ẹ má rántí lọ́jọ́ yẹn pé ọmọ kì í da ìbéèrè bo àgbà. Ẹ jẹ́ kó bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn tí ẹ fẹ́ kọ̀wé sí nípa mi, ṣé wọ́n máa kà á?"