Ilé Là Ń Wò Ká Tó Yin Báńgà

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti ṣe ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ń tẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ nínú yàrá tí mo háyà ní Woolwich ni mo gbọ́ gbàù! Kí n tó bèèrè pé kí nìyẹn, òmíràn ti tẹ̀ lé e: ṣìììì, gbàù, gbàù-gbàù! Ọmọ Àgọ́-Àrẹ tó bá gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ lóru, tí kò sì sí òkú ọdẹ ládùúgbò, ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Mo paná, mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀bà di òkúta nínú abọ́.

Láti ibẹ̀ ni mo ti pe bọ̀ọ̀dá tó gbà mí sílé, tó ń gbé lókè. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má jáde o, wọ́n ti dé!" Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Àwọn wo ló dé? Guy Fawkes ni." Mo ní ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé wọ́n ti mú un? Ó ní wọ́n ti mú un láti ọdún 1605.

Ìgbà tí mo jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló tó ṣàlàyé fún mi. Guy Fawkes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó àgbá ètù 36 pamọ́ sábẹ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n lè fi sun ọba àtàwọn aṣòfin pọ̀. Àṣírí tú, ètù náà kò dún. Láti ìgbà yẹn, lọ́dọọdún, àwọn òyìnbó ń fi ariwo ètù dúpẹ́ pé ètù kò dún.

Mo rò pé ìlú tó ń ṣe báyìí kò lófin ni. Irọ́ ni mo pa. Báńgà gan-an, èyí tó ń dún gbàù nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí àwa ń pè ní nọ́káòtù, wọ́n ti lé e kúrò lọ́jà láti ọdún 1997. Àwọn tó kù, rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹbí rẹ̀, òfin ọdún 2004 ti fi aago dè wọ́n mọ́lẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yìn wọ́n láti aago 11 alẹ́ títí di aago 7 òwúrọ̀. Lálẹ́ Guy Fawkes, wọ́n fún ọ di aago 12. Lálẹ́ tí ọdún tuntun fẹ́ wọlé, lọ́dún tuntun àwọn ará Ṣáínà àti ní Diwali, wọ́n fún ọ di aago kan òru. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ mú un dání nígboro. Ariwo náà pàápàá ní òṣùwọ̀n: kò gbọdọ̀ kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 120. Ní Scotland, òfin ọdún 2022 tún fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ láti fa ìlà yí àdúgbò kan ká pé, nínú ibí yìí, ẹ má dán an wò. Ẹni tó bá rú òfin lè sanwó ìtanràn, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n.

Òfin rèé, ó dán bíi dígí. Ṣùgbọ́n aládùúgbò mi níbi tí mo kó lọ lẹ́yìn náà kò ka dígí kún. Aago méjì òru, ọjọ́ Tuesday lásán-làsàn, ó ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo pe ìjọba ìbílẹ̀. Ohùn ìyáàfin kan tó rọ̀ bí òwú dá mi lóhùn, ó ní wọ́n máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, kí n máa kọ ariwo náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, bó ṣe ṣe mí. Mo ní, "Mà, ariwo náà ti tán." Ó ní kò burú, kí n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ní Kejìlá ọdún yẹn, mo múra ilé. Mo ti pinnu pé n óò yin báńgà tẹ́rùn níbi tí aago kì í ti í dá ènìyàn lẹ́kun. Ìbàdàn ni mo ti rà á. Ẹ má sọ pé Nàìjíríà kò lófin o. Òfin ohun abúgbàù ti wà nílẹ̀ láti ọdún 1964, bí Kérésì bá sì ti ń sún mọ́lé, ọlọ́pàá a máa kéde pé títà àti yíyin báńgà ti di èèwọ̀. Mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á bóyá kò gbọ́ ìkéde. Ó ní, "Mo gbọ́, sà. Ìkéde yẹn ló jẹ́ kó wọ́n."

Alẹ́ àìsùn Kérésì, ọyẹ́ ń fẹ́ ní Àgọ́-Àrẹ, ètè gbogbo wa ti là. Mo kó àwọn ọmọ agbo ilé jọ, mo jókòó bí ọba, mo ṣáná sí ẹyọ kan. Gbàù!

Ẹyọ kan péré. N kò ráyè yin èkejì.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ dé, ó sáré gba àárín wa kọjá bí ajigbèsè. Ìyá ojúlé kejì tẹ̀ lé e, ó ti so ìborùn mọ́ ìbàdí. Lẹ́yìn náà ni ọdẹ méjì yọ lókùnkùn, tọ́ọ̀ṣì lórí, ṣákábùlà léjìká. Ọ̀nà oko ni wọ́n ti ń ṣọ́ ìlú. Wọ́n gbọ́ ìró, wọ́n sá padà, wọ́n rò pé ogun ti gba ẹ̀yìn wọlé. Mo wo aago. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó kí wọ́n gbé fóònù.

Ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Atisbo, wà ní Tedé. Kóòtù Màmá mi, iwájú ilé ni.

"Àkànní, ta ló bímọ lójúlé kejì?"

"N ò mọ̀, mà."

"Ìkókó ọjọ́ mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ta lẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru nínú agbo ilé yìí?"

"N ò mọ̀, mà."

"Bàbá rẹ kékeré ni. Koríko wo ló wà lẹ́yìn ilé?"

Mo rò pé mo ti rí èyí tí mo mọ̀. "Bẹẹrẹ ni, mà."

"Ṣé tútù ni àbí gbígbẹ?"

Mo dákẹ́. Màmá kò dákẹ́. Ó ní nínú ọyẹ́ yìí, ẹ̀ta iná kan tó bó sínú bẹẹrẹ lè gba oko dé oko kílẹ̀ tó mọ́: iṣu tí wọ́n kó jọ, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá, káṣú tó ń yọ òdòdó. Ó ní màlúù àwọn Fúlàní tó sùn lódìkejì odò, bí wọ́n bá ta gìrì, oko ta ni wọ́n máa gbà kọjá? Ta ló sì máa bá onóko àti darandaran parí ìjà, ṣé èmi tí mo máa wọ bàálù padà?

Ó wá là á mọ́lẹ̀: "Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé náà là ń wò ká tó yin báńgà."

Kò sí ìtanràn, kò sí fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní kí n lọ dọ̀bálẹ̀ lójúlé mẹ́fà, kí n sì jókòó ti Bàbá kékeré títí àyà wọn yóò fi wálẹ̀. Èmi ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, tí ewú ti yọ lágbọ̀n. Ọdẹ kan gba ìyókù báńgà, ó ní òun máa fi lé ọ̀bọ lóko.

Lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n ń sin àgbà ọdẹ kan. Láti ìrọ̀lẹ́ ni ìbọn ti ń dún, ó di àfẹ̀mọ́júmọ́, n kò fojú kan oorun. Mo rò pé mo ti rí Màmá mú. Mo ní, "Mà, ṣé èyí kì í ṣe ariwo ni?"

Ó ní, "Ta ni kò mọ̀ sí i? Akéde ti lu agogo kárí ìlú. Ìyá ìkókó ti lọ sùn nílé ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ kékeré gan-an ló ń bá wọn ki ètù."

Mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ńkọ́? Ó ní, "Ìbọn tí ènìyàn ń retí kì í já a láyà."

N kò ní tan yín pé òfin Màmá pé. Ojú ló fi ń ṣiṣẹ́, ojú sì máa ń mọ ẹni: ká ní ọmọ olówó ìlú ló yin báńgà yẹn, mo mọ̀ pé kì í ṣe ojúlé mẹ́fà. Ojú nìkan kò sì tó. Ní Jànkárà, l'Érékùṣù Èkó, àwọn ènìyàn mọ̀ pé wọ́n ń ta báńgà ládùúgbò. Mímọ̀ yẹn kò dá iná dúró ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2012, nígbà tí èyí tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé bú gbàù. Ìwé nìkan náà kò tó. Ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàù tí ìjọba ní àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó sílé ló wó ilé lu ènìyàn. Òfin 1964 wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò sí ni Màmá kan tí yóò kanlẹ̀kùn bèèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ kó wọlé yìí?" Fẹ́ǹsì Bódìjà ga, bíi ti Lọ́ńdọ̀nù.

Nígbà tí oṣù Kọkànlá tún dé, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo yọ fọ́ọ̀mù ariwo jáde, mo tún dá a padà. Mo lọ kanlẹ̀kùn aládùúgbò. Ọdún mẹ́rin la ti jọ wà. Mo mọ ìró rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, n kò mọ ojú rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ṣéènì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ṣé mo ń ta nǹkan ni. Mo ní rárá, mo kàn wá sọ fún un pé a bímọ ni. Ó yọ ṣéènì. Ó ní ẹnu ya òun, òun ti rò pé kò sẹ́ni nílé wa, nítorí bí òun bá ti ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì báyìí, ṣe ni gbogbo iná ibẹ̀ ń kú.

Lọ́jọ́ karùn-ún, aago mẹ́jọ alẹ́, ó kanlẹ̀kùn. Ó ní òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣé ọmọ ti jí? Mo gbé ìkókó dání, a dúró sójú fèrèsé. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò dín rárá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bà mi gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà.